Aró Inú Àwo Pupa

"Nagisa, o ò tíì rí i ni? Èwo ló rìn jìnnà jù?" ni Shuhei bèèrè.

Nagisa ò gbójú kúrò lórí awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Gíláàsì méjì tí kò ju hóró ìrẹsì lọ ló ń wò. Yàrá ìwádìí yunifásítì tó wà lẹ́yìn ilé ìwẹ̀ olómi gbígbóná ìlú wọn ló bá wọn yọ́ méjèèjì nínú ẹ̀rọ ńlá kan tó ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, bí òkúta ṣe ń yọ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ìdajì gíláàsì kọ̀ọ̀kan funfun, ìdajì ní àwọ̀ aró. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bí átọ́ọ̀mù aró ṣe rìn tó wọ inú funfun. Èyí tí ẹ̀rọ rọra tẹ̀ wà nínú àwo onídèérí funfun. Èyí tó tẹ̀ gidigidi wà nínú àwo onídèérí pupa.

"Ó ku díẹ̀, ẹ̀gbọ́n," ló dáhùn.

Irọ́ ni. Ó ti rí i tipẹ́. Aró inú àwo pupa ló rìn jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì.

Bẹ́ẹ̀, Shuhei, olórí ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì ilé ìwé wọn, ti tẹ èrò tirẹ̀ gàdàgbà sórí bébà fífẹ̀ tí wọ́n máa gbé lọ síbi ìdíje lọ́la: bí wọ́n bá ṣe tẹ òkúta yíyọ́ tó ni ìrìn átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ á ṣe dín kù tó. "Bí èrò inú ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ni," ló máa ń wí. "Ta ló máa ráyè yẹsẹ̀?" Ìdíje ìkẹyìn rẹ̀ nìyí kó tó jáde ilé ìwé.

Lọ́dọ̀ wọn, àbúrò kì í sọ fún ẹ̀gbọ́n lójú ẹgbẹ́ pé ó ṣìnà. Kò sẹ́ni tó ń fẹnu kọ́ni. Ojú ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Shuhei ò bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan. Nagisa fúnra rẹ̀ ló pààrọ̀ ìdérí àwo méjèèjì, kí èyí tó rìn jù lè dà bí èyí tí ẹ̀rọ rọra tẹ̀.

"Ti funfun ló rìn jù, ẹ̀gbọ́n."

"Mi ò wí bẹ́ẹ̀?" Shuhei fò sókè. "Ta ló máa ra núdù fún ọ̀gá yín jẹ?"

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀jọ̀gbọ́n Onodera, ìyá àgbà tó ń ṣe adájọ́, dúró níwájú bébà wọn. Ó kà á, ó tún un kà.

"Àwọn átọ́ọ̀mù irú òkúta yìí so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n," ló wí. "Èmi rò pé bí ẹ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ìdè yẹn á máa já, tí aró á sì máa rìn sí i. Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá wa lójú, mà," ni Shuhei dáhùn. "Nagisa ló wò ó. Ojú ẹ̀ kì í ṣì í."

"Ó dáa. Èmi ni mo ṣì í nígbà náà." Ìyá àgbà yọ fóònù. "Ẹ jẹ́ n pe àwọn tá a jọ ń ṣèwádìí, kí wọ́n dá iṣẹ́ tiwa lórí irú òkúta yìí dúró, ká tún un bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má pè wọ́n!" Nagisa tẹrí ba títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. "Mo pààrọ̀ ìdérí ni. Èyí tó tẹ̀ gidigidi, ti pupa, ló rìn jù."

Ọ̀jọ̀gbọ́n dá fóònù padà sápò. "Kò sí èsì tó dára tó tiyín nínú gbọ̀ngàn yìí," ló wí. "Mi ò sì lè gbà á mọ́." Ó yọ wọ́n kúrò nínú ìdíje.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, bí wọ́n ṣe kọjá ihò abẹ́ òkè, Shuhei kọjú sí i.

"Ṣé mo ní kó o gbà mí ni?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Mi ò fẹ́ kójú tì yín ni."

"Tó o bá sọ fún mi lánàá, màá bínú díẹ̀, màá fa bébà yẹn ya, a ó sì jọ wádìí ẹ̀. Ìwọ wá kó ìtìjú mi pa mọ́, o wá tú u síta níṣojú gbogbo ayé."

"Ẹ má bínú."

"Inú ń bí mi. Má tíì dákẹ́ ẹ̀bẹ̀."

Nagisa ò dákẹ́ ẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi délé. Ọjọ́ yẹn ló yé e pé ẹni tó bá fi irọ́ bọ̀wọ̀ fún àgbà ti gbẹ́ kòtò sọ́nà àgbà náà. Òtítọ́ tí a bá sọ lásìkò lè múni bínú. Èyí tó bá pẹ́ kó tó jáde, ẹrù rẹ̀ kì í mọ sórí ẹnì kan.