Kabúrétọ̀ Apá Òsì

Ẹni tó bá fẹ́ pe ọ̀rọ̀ yìí ní irọ́, ẹnu rẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀, ẹni tó sì ṣẹlẹ̀ sí kì í purọ́, kì í sì í mutí.

Mẹkáníìkì alùpùpù ni. Afetíwò ni wọ́n ń pè é, nítorí kì í fojú wá àrùn ẹ́ńjìnnì. Yóò ki ẹnu rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ etí, yóò gbé ẹnu kejì síwájú ibi tí kabúrétọ̀ ti ń fa afẹ́fẹ́, yóò sì dijú. Bí kabúrétọ̀ bá jẹ́ méjì, ohùn kan náà ló gbọ́dọ̀ gbọ́ lára méjèèjì. Bí ọ̀kan bá ń fà ju èkejì lọ, etí rẹ̀ á sọ fún un. Ó ń fi iṣẹ́ náà yangàn, ó sì tọ́ sí i.

Yàrá kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí láti oṣù mẹ́jọ. Èémí ló ń dà á láàmú. Ìyá tó lè fi ẹnu nìkan lé àlejò kúrò nílé tẹ́lẹ̀, kò lè sọ gbólóhùn kan parí mọ́ láìdúró gba afẹ́fẹ́. Dókítà ti ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Afetíwò nìkan ló bí, kò sì sí ohun tó ń ba Afetíwò lẹ́rù láyé yìí ju kí yàrá yẹn dákẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ náà, obìnrin kan tó jẹ́ tíṣà gbé alùpùpù oníkabúrétọ̀ méjì wá.

"Ọ̀gá, kò rí èémí mí," ó ní. "Tí mo bá ti ní kó sáré, á máa wúkọ́. Ẹ bá mi là á nímú."

"Ẹ padà wá láago mẹ́rin."

Ó tú àpótí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé dànù, ẹnu rẹ̀ ti há jù. Ó to asẹ́ ẹlẹ́nu gbòòrò méjì tí yóò fi rọ́pò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, epo náà gbọ́dọ̀ pọ̀. Nítorí náà ó yọ jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bàbà kékeré tí epo ń gba ihò rẹ̀ kọjá, ó fi èyí tí ihò rẹ̀ tóbi díẹ̀ sí i. Ó fẹsẹ̀ ta ẹ́ńjìnnì. Ó ki rọ́bà bọ etí.

Apá ọ̀tún dára, ó ń lọ gẹ́ẹ́rẹ́. Apá òsì kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń fà, ṣùgbọ́n bó bá fà tán, nǹkan kan á súfèé díẹ̀, bí omi tó fẹ́ hó lórí iná. Ó yí síkúrúù. Ìsúfèé náà kò lọ. Ó pa ẹ́ńjìnnì kó lè ronú, ó gbàgbé rọ́bà sétí.

Ó yẹ kí ibẹ̀ dákẹ́. Kò dákẹ́.

Ó ń fà. Ó dúró. Ó tú u jáde. Ó tún ń fà.

Afetíwò wo kọ́kọ́rọ́. Ó yọ ọ́, ó fi í sápò. Ohùn náà kò dúró. Ẹlòmíràn ì bá ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi etí jẹun kì í sá fún ohùn tí kò tíì mọ̀. Ó fa òwú kan yọ lára àkísà, ó gbé e síwájú ẹnu kabúrétọ̀. Òwú náà tẹ̀ wọlé. Ó rọ̀. Ó fẹ́ síta. Ó tún tẹ̀ wọlé.

"Kí lèyí?" ó bi ara rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n pa àlọ́ fún.

Ó wá ṣe ohun tí gbogbo mẹkáníìkì ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ dán kabúrétọ̀ wò. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí i lẹ́nu.

Kabúrétọ̀ fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra. Kò tíì ka ẹẹ́wàá tí ife fi já bọ́ ní yàrá ẹ̀yìn.

Ó já ọwọ́ gbà, ó sáré wọlé. Ìyá rẹ̀ ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọrùn mú, ojú rẹ̀ yọ síta. Ó pẹ́ kó tó lè fọhùn.

"Ta ló... dí mi nímú?" ó ní. "Ọwọ́ náà... ń rùn fún epo."

Àmì pupa kan tó rí bí òrùka wà ní àtẹ́lẹwọ́ Afetíwò. Ó fi ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn. Ìgbà yẹn ló tó mọ ibi tó ti gbọ́ ìsúfèé yẹn rí. Oṣù mẹ́jọ ló ti ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri. Ẹ̀rù bà á gidigidi, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbé e padà sídìí alùpùpù.

Ó mú sikudiráfà. Ó tú síkúrúù apá òsì díẹ̀, ó tẹ́tí. Ó tún tú u. Ìsúfèé náà dín. Ó tún tú u bí orí abẹ́rẹ́. Ìsúfèé náà lọ.

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń pè ọ́ pé kí o bá mi bu omi, o dá mi lóhùn bí? Alùpùpù ni ìwọ fẹ́ níyàwó, òun náà ni yóò sì bí ọmọ-ọmọ fún mi!"

Láti yàrá ni. Gbólóhùn gígùn gbọọrọ, láìdúró gba afẹ́fẹ́ rárá. Afetíwò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Aago mẹ́rin lù, tíṣà dé.

"Ṣé ó ti ṣeé gùn?"

"Rárá o." Afetíwò kò wo ojú rẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó máa pẹ́ díẹ̀."

"Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?"

Títí láé ló wà lọ́kàn rẹ̀, kò lè sọ ọ́ jáde.

"Irọ́ ló ń pa." Ìyá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó ti dìde, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ń wo alùpùpù náà láti òkè délẹ̀. "Ó ti tún un ṣe tán. Nǹkan onínǹkan ni, ọkọ mi. Gbé e fún un."

"Màámi, ẹ ò mọ̀ pé..."

"Mo ní kí o gbé e fún un."

Ó de asẹ́ méjèèjì mọ́ ọn. Tíṣà fẹsẹ̀ ta ẹ́ńjìnnì.

"Háà! Ó ti ń mí o!" ó ní, ó sì wọ ojú títì lọ.

Afetíwò di apá ìyá rẹ̀ mú, ó tẹjú mọ́ àyà rẹ̀. Ohùn alùpùpù ń lọ sókè réré. Ohùn náà kú tán. Àyà náà ṣì ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀.

Ó mú un padà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Fèrèsé kò ṣí, síbẹ̀ etí gèlè ìyá ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Afetíwò fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀. Ó tutù, eruku ojú títì sì wà lára rẹ̀.

Ó wá rántí pé òun kò bi tíṣà níbi tó ń gbé. Kò mọ ibi tí obìnrin náà yóò gbé alùpùpù náà sí, kò mọ ẹni tí yóò tún fọwọ́ kàn án. Ó gbé ọwọ́ síwájú imú ìyá rẹ̀, ó ń ka èémí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá kò wò ó. Ògiri ló ń wò, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ọkọ mi," ó ní jẹ́jẹ́, "gbé ọwọ́ yẹn kúrò. Kò jẹ́ kí n rí ọ̀nà."