Ta Ló Ṣí Fáìlì Ọpẹ́yẹmí?

Bí ọkọ̀ bá ti dúró lẹ́bàá títì ní Àpòmù, ọ̀dọ̀ Ọpẹ́yẹmí ọmọ mi ni àwọn èrò máa ń sáré sí. Dòdò Ìkirè rẹ̀ dúdú, ata rẹ̀ sì ń ta lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọkọ̀ dúró, èrò sọ̀kalẹ̀, ni Soliat tó ń ta omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá pariwo:

"Ẹ má rà á níbẹ̀ yẹn o! Ikọ́ fée ló ń ṣe é!"

Mo bi í pé ta ló sọ fún un.

"Bàbá Ọpẹ́, ẹ má bínú. Ẹni tó rí i nínú fáìlì rẹ̀ ló sọ fún mi. Mi ò ní dárúkọ."

Òótọ́ ni pé ikọ́ fée ń ṣe ọmọ mi. Ó ti ń lo oògùn, dókítà sì ti ní kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n oògùn náà kò tíì parí. Nígbà tí a délé, ó ju ike oògùn sórí tábìlì.

"Bàbá, mi ò padà sí ọsibítù yẹn mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tà mí."

"Tí o bá dá a dúró lágbede méjì, àìsàn náà á padà. Oògùn yìí lè má ká a mọ́."

"Kó padà. Ó sàn ju ìtìjú yìí lọ."

Mo wọkọ̀ lọ sí ọsibítù náà ní Ìkirè. Ọ̀gbẹ́ni Afọláyan, ọ̀gá àwọn tó ń bójú tó fáìlì, ṣàlàyé fún mi pé fáìlì kò sí nínú ìwé mọ́. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ní olú ilé iṣẹ́ wọn ló ń tọ́jú ti gbogbo ẹ̀ka. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ ka fáìlì á fi orúkọ àti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ ṣí i.

"Kọ̀ǹpútà náà ń ṣọ́ olè, Bàbá. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, a máa ń wo àkọsílẹ̀ rẹ̀ ká tó gbàdúrà. Òfìfo la máa ń bá. A ó kọrin ọpẹ́, a ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

"Ta ló wá sọ fún Soliat?"

"Bóyá ó lá àlá ni."

"Àlá tó mọ orúkọ àìsàn? Mi ò kúrò níbí."

"Bàbá, a máa tilẹ̀kùn o."

"Ẹ tì í mọ́ mi."

Ó lọ jẹun, ó dé, mo wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo kí i káàbọ̀ sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí mo sú u, ó ránṣẹ́ pe Arábìnrin Amatullah, tó ń yẹ ààbò kọ̀ǹpútà náà wò láti olú ilé iṣẹ́.

Obìnrin náà wo kọ̀ǹpútà, ó mi orí.

"Ọ̀gá, orúkọ ta lẹ ní kó máa kọ?"

"Ẹni tí kò láṣẹ tó fẹ́ ṣí fáìlì, tí kọ̀ǹpútà lé padà."

"Ẹni tó láṣẹ, tó ṣí i, tó kà á ńkọ́?"

"Òṣìṣẹ́ wa nìyẹn. Kí la fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ṣe?"

"Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n! Ẹ ń kọ orúkọ ẹni tí ẹ lé nídìí ìkòkò, ẹ ò wo ẹni tí ọbẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Orin ọpẹ́ yín ti yá jù."

Mo yíjú sí Amatullah.

"Ta ló wá ṣí i?" mo bi í.

"Bàbá, ohun tí a kò ní kí kọ̀ǹpútà kọ, kò lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí fáìlì yìí, ìbáà láṣẹ, orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti aago á wà lákọsílẹ̀. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Kò pẹ́ rárá. Ariwo tí mo pa ti já ẹnìkan láyà, ó sì fẹ́ wò ó bóyá a ti kọ ẹ̀sùn sínú fáìlì náà. Orúkọ Àbíkẹ́ ló jáde, akọ̀wé ẹ̀ka ìgbẹ̀bí, tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú aláìsàn ikọ́. Ilé kan náà lòun àti Soliat ń gbé ní Àpòmù.

"Ṣé aájò ti wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni?" Àbíkẹ́ ní. "Ọmọ àdúgbò mi ni. Mo kàn fẹ́ mọ bára rẹ̀ ṣe rí ni."

"Ilẹ̀kùn mi ò jìnnà sí tìẹ. O ò ṣe kàn án?"

Wọ́n gba àṣẹ tó ní lórí fáìlì àwọn aláìsàn ikọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì pè é síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí. Ó ti wá bẹ̀ mí nílé. Mi ò tíì dá a lóhùn.

Nígbà tí Ọpẹ́yẹmí gbọ́, ó tẹ̀lé mi lọ sí Ìkirè.

"Ẹ̀gbọ́n, tí ẹlòmíràn bá tún ṣí i lọ́la ńkọ́?" ó bi Amatullah.

"Orúkọ rẹ̀ á jáde. Èmi tí mi ò sí ní ọ́fíìsì yìí ni màá máa kà á, màá sì bi í pé iṣẹ́ wo ló fi í ṣe."

Ọmọ mi bu omi, ó gbé oògùn ọjọ́ náà mì lójú gbogbo wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú fáìlì aláìsàn, ẹ má ṣọ́ àlejò nìkan. Ẹ máa kọ orúkọ ẹni tó láṣẹ náà, kí ẹlòmíràn tí kì í ṣe ará ọ́fíìsì yín máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kan fáìlì, ẹ má fún un láṣẹ rẹ̀.

Ẹ̀yin aláìsàn, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ẹni tó ka fáìlì yín. Bí wọ́n bá ní kò sẹ́nìkan, ẹ bi wọ́n pé ṣé wọ́n ń kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ẹ bínú, ẹ fẹjọ́ sùn, ṣùgbọ́n ẹ má pa oògùn tì. Tí ẹ bá pa á tì, àìsàn náà kò ní bá olófòófó jà. Ẹ̀yin ni yóò bá jà.