Orúkọ Tí Wọn Kì Í Pè Nílé Hàlímọ̀tù

Orí òrùlé mọ́sálásí ni Zahrah ti kọ́kọ́ rí i. Ó ga, ó tín-ín-rín, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó sì gbé sípíkà ńlá kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Àwọn ẹyẹlé àdúgbò Gàmbàrí ní Ìlọrin ń fò yí i ká, inú ń bí wọn pé ó da oorun ọ̀sán wọn rú.

Zahrah jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní òdìkejì títì, ó ń fi òwú ṣọnà sí ọrùn jàlámíà oníbàárà kan. Lójijì, ohùn kan bú jáde lókè.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú abẹ́rẹ́ dání, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi dáadáa?"

Gbogbo àdúgbò ló yíjú sí Zahrah. Bàbá tó ń ta tẹ̀súbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ojú ti ọmọbìnrin náà débi pé ó fi jàlámíà oníjàlámíà bojú.

Nígbà tí ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló gbà tààrà.

"Ẹ má bínú. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ohùn mi dùn ni."

"Sípíkà yẹn ló dùn. Tiyín ò tíì yé mi."

"Ẹ jẹ́ kí n máa wá títí tó fi máa yé yín."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ ọkùnrin náà ni kó máa tún sípíkà àti iná sólà ṣe, nínú àwọn mọ́sálásí Gàmbàrí àti nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò Fate, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi yòówù kó ti ń bọ̀, ẹnu ọ̀nà Zahrah ló ń gbà kọjá. Lónìí bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ já, lọ́la síìpù ò ṣí. Wàláhì, ọmọkùnrin yẹn já bọ́tìnnì ara rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́jọ́ tí Zahrah béèrè orúkọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Yúnúsà."

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Zahrah.

Yúnúsà ni bàbá Zahrah ń jẹ́. Nígbà tí Zahrah ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òwò bàbá náà dẹnu kọlẹ̀, ó sì gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà. Ó ń pè wọ́n lórí fóònù fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà tó pè kẹ́yìn, ó ní òun fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, bí òun bá ti gúnlẹ̀ lódìkejì òun á pè. Ìpè yẹn ni wọ́n ń retí títí di òní.

Láti ìgbà náà, Hàlímọ̀tù, ìyá Zahrah, ò pe orúkọ yẹn mọ́, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ pè é lójú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, "Bàbá Zahrah" ló ń pe ọkọ rẹ̀ lójú àwọn èèyàn. Tó bá ku àwọn méjèèjì nìkan nínú yàrá ló máa ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an, á sì fà á gùn, á rọra pè é bí ẹni tó ń jẹ ohun tó dùn. Zahrah máa ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri nígbà tó wà ní kékeré, á sì sùn lọ. Kò tíì gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà yẹn.

Elégédé kan sì wà lára ọgbà wọn. Bàbá náà ló gbìn ín. Ó ní igi tí Ọlọ́run fi ṣíji bo Ànọ́bì Yúnúsà nìyẹn nígbà tí ẹja pọ̀ ọ́ sétí òkun, kò sì yẹ kí olórúkọ rẹ̀ má ní tiẹ̀ nílé. Ọdọọdún ni Hàlímọ̀tù ń tún hóró rẹ̀ gbìn. Àràárọ̀ ló sì ń fa tẹ̀súbà, tó ń ka àdúà tí Ànọ́bì náà kà nínú ikùn ẹja.

Ẹ̀rù ba Zahrah. Nígbà tí ìyá rẹ̀ béèrè ẹni tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń já lójoojúmọ́ yìí, ó ní Abdulwaris ló ń jẹ́.

"Zahrah, orúkọ tí wọ́n pè sí mi létí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ mi rèé," ni Yúnúsà wí nígbà tó gbọ́. "Kí ló dé tí mo fẹ́ máa fi pamọ́ bí ẹni tó jalè?"

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀, olówó orí mi. Èmi ni mo mọ ìyá mi."

"Olówó orí kẹ̀? O ti fún mi lóyè kó o tó lè pe orúkọ mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà, nítorí pé kò sí ohun tí Zahrah lè fi ohùn yẹn bẹ̀bẹ̀ fún tí kò ní í gbà.

Kò pẹ́ tí Hàlímọ̀tù fi fẹ́ràn Abdulwaris. Ó tún fáànù rẹ̀ ṣe, ó gbé iná sólà sí yàrá rẹ̀. Tí wàrà bá kù nínú abọ́, ìyá náà á ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. "Abdulwaris mi ò tíì dé." Bí ọmọkùnrin náà bá dé, tó gbọ́ orúkọ yẹn, á wojú ilẹ̀.

Ọjọ́ tí àwọn òbí Yúnúsà wá tọrọ ìyàwó ni gbogbo rẹ̀ tú. Àgbẹ̀ ni wọ́n, abúlé kan lẹ́yìn Ìlọrin ni wọ́n ti wá, wọ́n ru iṣu, wọ́n fa àgbò. Àbdùlkàdírì, àbúrò bàbá Zahrah, gbà wọ́n tọ̀yàyà tọ̀yàyà. Kò sẹ́ni tó rántí kìlọ̀ fún bàbá ọkọ nípa orúkọ náà.

"Ẹ̀yin èèyàn wa," ni bàbá náà bẹ̀rẹ̀, "Yúnúsà ọmọ wa rí ohun tó wù ú nílé yín."

Hàlímọ̀tù gbé ife omi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ọmọkùnrin náà lóṣòó níwájú rẹ̀. "Èmi ni, mà. Ẹ forí jì mí."

Ìyá náà wò ó, ó wo ọmọ rẹ̀. "Orúkọ yẹn kì í gbélé," ló sọ jẹ́jẹ́. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin àlejò wa." Ó wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Zahrah sunkún ní ṣọ́ọ̀bù. "Èmi ni mo jẹ̀bi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, mi ò ní í dá yín dúró."

"Ó dùn mí," ni Yúnúsà wí. "Abdulwaris ni wọ́n ń fi wàrà pamọ́ dè, kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n wọ́n ní orúkọ mi kì í gbélé. Tí mo bá wá lọ, ṣé mi ò ti sọ ọ́ di òótọ́ nìyẹn?"

Láti ìgbà náà, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, á wá lóṣòó síbi elégédé náà. "Ẹ kú Jímọ́ọ̀, mà. Yúnúsà ni." Ẹnikẹ́ni ò ní í dáhùn. Á dìde, á lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀, elégédé yọ òdòdó, kò yéé wá.

Hàlímọ̀tù ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Martha, ìyá Moṣọpẹ́, ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé Fate. Wọ́n ti jọ ń ta aṣọ ní àdúgbò Post Office láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn, òun ló sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó wá kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Zahrah sì ń ṣa ewé nítòsí wọn.

"Ìyá Zahrah, kí lọmọ yẹn ṣe gan-an?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ọmọ dáadáa ni." Hàlímọ̀tù yíjú sí elégédé náà. "Tí mo bá pe orúkọ yẹn nínú ilé yìí, tí ẹlòmíì dáhùn, á jẹ́ pé mo ti gbà pé ẹni tí mò ń retí ò ní í wá mọ́."

Ọwọ́ Zahrah dúró sára ewé. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ló ti rò pé ìbínú ni. Àṣé ńṣe ni ìyá òun ń tọ́jú orúkọ náà de ẹni tó ni ín, bí wọ́n ṣe ń bo oúnjẹ de ẹni tó rìnrìn àjò. Àánú ìyá rẹ̀ ṣe é gidigidi.

"Ǹjẹ́ o mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Hébérù?" ni Martha bi í. "Jónà là ń pè é nínú Bíbélì. Àdàbà ni."

"Àdàbà?"

"Àdàbà. Irú èyí tí Nóà rán jáde látinú ọkọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, kò ríbi bà lé, ó padà. Lẹ́ẹ̀kejì, ó já ewé bọ̀ lẹ́nu."

"Ànọ́bì Núhù. Mo mọ̀ ọ́n." Hàlímọ̀tù mi orí. "Nígbà tó tún rán an, kò padà wá mọ́. Bíi tèmi."

"Kò padà, lóòótọ́. Kí wá ni Núhù ṣe? Ṣé inú ọkọ̀ ló jókòó sí tó ń wojú ọ̀run títí ayé? Àìpadà ẹyẹ yẹn ló fi mọ̀ pé ilẹ̀ ti gbẹ, tó fi ṣí ọkọ̀, tó jáde." Martha di ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. "Ìyá Zahrah, jáde wá."

Hàlímọ̀tù sunkún lọ́sàn-án yẹn bí kò ṣe sunkún rí láti ọjọ́ tí fóònù ti dákẹ́. Zahrah wá jókòó tì í, ó gbé orí lé e léjìká.

Hàlímọ̀tù fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe Àbdùlkàdírì pé kí wọ́n ṣe fídáù fún ọkọ òun, ohun tó ti ń kọ̀ fún wọn láti ọjọ́ yìí. Àwọn àlùfáà péjọ, wọ́n ṣàdúà fún òkú tí wọn ò rí sin, wọ́n pín sàráà. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n lọ pe àwọn àgbẹ̀ yẹn padà.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni wọ́n so yìgì náà, ní mọ́sálásí tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin jókòó sílé, wọ́n ń gbọ́ ohùn ìmáàmù lórí sípíkà tí ọkọ ìyàwó gun òrùlé lọ tún ṣe.

"Zahrah, ọmọ Yúnúsà," ni ohùn náà ké jáde lórí gbogbo Gàmbàrí, "a so yìgì rẹ̀ fún Yúnúsà."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni orúkọ náà dún. Zahrah yíjú wo ìyá rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú ìyá náà, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọkọ ìyàwó dé, ibi elégédé náà ló lóṣòó sí bó ṣe máa ń ṣe.

"Ẹ kú Jímọ́ọ̀, mà."

Hàlímọ̀tù jáde sí ẹnu ọ̀nà.

"Yúnúsà."

Ó fà á gùn, ó rọra pè é, gẹ́gẹ́ bí Zahrah ṣe ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri nígbà kan. Ìyá náà wá dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń fún ẹlòmíì láyè kó kọ́kọ́ dáhùn. Ọkọ ìyàwó náà mọ̀, kò kánjú.

"Mà," ló dáhùn nígbà tó yá.

"Dìde, wọlé. Wàrà rẹ wà nínú abọ́."