Ẹni Tó Ń Gbálẹ̀ Lábẹ́ Igi Obì

Ẹni tí kò bá gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, kí ó yà ní Ìnísà, kí ó béèrè ilé Ẹ̀rínọlá télọ̀. Àgbàlá náà wà níbẹ̀. Ọmọ náà wà níbẹ̀. A kò bù mọ́ ọn, a kò sì yọ nínú rẹ̀.

Nígbà tí Ẹ̀rínọlá dé abẹ́ igi obì ní oko bàbá bàbá rẹ̀, lẹ́yìn Èkò-Èndé, ẹnìkan ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ìró ìgbálẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbọ́. Ṣáà. Ṣáà. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Ọyẹ́ ti sọ gbogbo oko di funfun. Ẹyẹ kankan kò ké.

Ó dúró. Ó di aṣọ funfun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mú gírígírí. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tó ń dá oko náà mọ́; koríko ti mu ènìyàn dé ìbàdí. Ṣùgbọ́n abẹ́ igi obì mọ́ tónítóní, bí ojúde ilé tí wọ́n ti ń retí àlejò. Ìyá àgbà kan ló ń gbá a. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ọwọ́ òsì ló fi di ìgbálẹ̀ mú. Kò wọ bàtà. Ìrì ń kán lára gbogbo ewé, ṣùgbọ́n etí ìró tó ró mọ́ra gbẹ.

Ohun tó gbé Ẹ̀rínọlá dé ibẹ̀ kò pamọ́. Ibà kan ló mú Mofolúwakẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, nígbà òjò. Ibà náà lọ, ó sì gbé agbára ẹsẹ̀ ọmọ lọ. Ọsibítù ṣe èyí tí wọ́n lè ṣe. Wọ́n ní kí wọ́n máa lo oògùn, kí wọ́n máa na ẹsẹ̀ náà láràárọ̀, kí wọ́n sì ní sùúrù. Wọ́n ń lo oògùn. Wọ́n ń na ẹsẹ̀. Sùúrù ló ń tán lọ. Ọmọ tó máa ń sáré pàdé bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ti wá di ẹni tí wọ́n ń gbé jókòó sórí ẹní bí ẹrù.

Màmá Ìkirun, ẹ̀gbọ́n bàbá Ẹ̀rínọlá, ló rán an. Aládùúrà ni màmá náà, ó mọ ewé bí ó ti mọ orin ìjọ rẹ̀, kò sì rí ìjà kankan láàárín méjèèjì. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ fi oògùn ọsibítù sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi àfòmọ́ orí igi obì yẹn kún un, ewé tí kò ní gbòǹgbò nílẹ̀, tó ń gbé lára igi onígi tí kì í sì í rọ. Kí Ẹ̀rínọlá lọ já a fúnra rẹ̀ ní ìdájí. Ewé náà kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Aṣọ funfun ni kí ó fi gbà á. Kò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni, kò gbọdọ̀ jẹ́ ìkíni ẹnikẹ́ni, títí ewé yóò fi dé inú ìkòkò. Bí ara ọmọ bá sì yá, kò gbọdọ̀ dúpẹ́. Màmá ní ẹni tó bá dúpẹ́ ewé, ó ń rán àìsàn létí ọ̀nà ilé rẹ̀ ni.

Titus, ọkọ Ẹ̀rínọlá, tó jẹ́ olùkọ́ l'Ókukù, rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. Ó ní òun ti kà á rí pé àwọn àgbà kan wà nílẹ̀ òyìnbó láyé àtijọ́, Dúrúìdì ni wọ́n ń pè wọ́n, ewé àti igi ni wọ́n fi ń wo àìsàn. Aṣọ funfun ni àwọn náà fi ń gba àfòmọ́, kí ó má baà kan ilẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ tán, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó bi ìyàwó rẹ̀ pé ta ló wá sọ fún Màmá Ìkirun. Ìyẹn kò mọ̀. Ni ó bá tún fi ṣàwàdà.

"Ìwọ, kí o má kí ènìyàn láti ibí dé Èkò-Èndé? Ìwọ tó ń kí ẹni tó ti sùn?"

Ó fi alùpùpù gbé e dé etí oko, ó sì dúró sójú títì. Gbogbo ọ̀nà ni Ẹ̀rínọlá fi di ẹnu mú. Ní Ìkirun, ìyá kan tó ń lọ ìsìn òwúrọ̀ kí wọn; Ẹ̀rínọlá tẹjú mọ́lẹ̀. "Ọmọ ta lèyí?" ló gbọ́ lẹ́yìn. Ojú tì í wọ egungun.

Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ nílé, orúnkún rẹ̀ a máa ṣáájú ọpọlọ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti bọ́.

Ìgbálẹ̀ dúró. Ìyá àgbà náà kò yíjú, kò sì jẹ́ ìkíni.

"Kí lorúkọ ọmọ?" ló wí.

Ẹ̀rínọlá kò tíì sọ pé ọmọ kan wà.

"Mofolúwakẹ́, mà."

"Kí ló sọnù lára rẹ̀?"

"Ẹsẹ̀, mà."

Ìyá náà mi orí, bí ẹni tí wọ́n sọ ohun tó ti mọ̀ fún. "Tẹ́ aṣọ rẹ."

Ó tẹ́ ẹ sórí apá rẹ̀ méjèèjì. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gun igi. Nǹkan kan já lókè, ìró kékeré, bí ìgbà tí télọ̀ bá fi eyín já òwú. Odindi ìdì àfòmọ́ kan bọ́ sínú aṣọ, tòun ti èso rẹ̀ wẹ́wẹ́, ojú ibi tó ti já ṣì ń ṣomi. Nínú ọyẹ́ yẹn, ó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ara ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Ẹ̀rínọlá la ẹnu. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, láìwẹ̀yìn. Ó pa ẹnu dé.

Ṣáà. Ṣáà. Ìró náà sìn ín títí ó fi dé ojú títì. Titus wo aṣọ, ó wo ojú rẹ̀. Kò ṣàwàdà.

Màmá Ìkirun ti gbé ìkòkò ka iná dè wọ́n n'Ínísà. Ìgbà tí ewé wọ inú omi ni Ẹ̀rínọlá tó sọ̀rọ̀, ẹkún ló sì fi sọ ọ́. Ó ní òun ti ba iṣẹ́ jẹ́.

"Ọwọ́ wo ló fi ń gbálẹ̀?" Màmá béèrè.

"Òsì, mà."

Màmá Ìkirun wá àpótí, ó jókòó. Ó ní òun mọ ọwọ́ náà, àti pé ẹni tó ni ín ti lọ tipẹ́.

"Ó jẹ́ ìkíni rẹ?"

"Rárá, mà."

"Ó béèrè orúkọ tìrẹ?"

"Ti ọmọ nìkan ni."

"Á jẹ́ pé ìkíni yẹn ṣì wà lójú ọ̀nà," Màmá wí. "Ìkíni kì í sọnù. Ẹni tí a kí á jẹ́ ẹ lọ́jọ́ kan."

Ẹ̀rínọlá béèrè pé ta ni. Màmá bẹ̀rẹ̀, ó ń fẹ́ iná. Titus ní ṣé kí wọ́n padà lọ gba èsì náà ni. Màmá wò ó bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ọmọ tó fẹ́ mú ẹyin iná.

Wọ́n ń fi omi àfòmọ́ wẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà, oògùn ọsibítù kò sì dúró. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Titus rin ín ní àtẹ́lẹsẹ̀, ọmọ-ìka kan mì. Wọ́n retí òmíràn, kò mì mọ́. Láti ìgbà náà ni etí Ẹ̀rínọlá ti yàtọ̀. Bí aládùúgbò bá ń gbálẹ̀, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á dúró lórí aṣọ. Kò mọ ohun tí èsì yẹn yóò gbé dání bí ó bá dé.

Ọ̀sán gangan ló dé. Ẹ̀rínọlá wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ níwájú ilé. Màmá Ìkirun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti kí wọn ni, omi tí wọ́n bù fún un ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣáà. Ṣáà.

Láti àgbàlá ni. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé yàtọ̀ sí ọmọ tó wà lórí ẹní.

Ẹ̀rínọlá sáré. Màmá tẹ̀lé e.

Mofolúwakẹ́ dúró láàárín àgbàlá. Lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń gbálẹ̀. Ọmọ tó ń fi ọ̀tún jẹun, tó ń fi ọ̀tún kọ̀wé, ọwọ́ òsì ló fi di ìgbálẹ̀ mú. Gbogbo àyíká rẹ̀ mọ́ tónítóní; etí ògiri nìkan ni kò tíì gbá dé.

Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Òo," ni ọmọ náà wí láìyíjú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí eyín ti ń tán lẹ́nu rẹ̀. "O kú iṣẹ́, ọmọ mi."

Ìgbálẹ̀ bọ́, ó tú ká. Mofolúwakẹ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Màmá mi," ó wí, ohùn tirẹ̀ ni. "Mo dúró."

Ẹ̀rínọlá ti wà nílẹ̀, ó ti gbá a mọ́ra. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n wọn kò yẹ̀. Ọpẹ́ kún Ẹ̀rínọlá lẹ́nu. Ó gbé ojú sókè sí Màmá Ìkirun. Màmá ti gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè.

Ó gbé ọpẹ́ náà mì.

Màmá Ìkirun ṣa ìgbálẹ̀ nílẹ̀, ó so ó, ó fi í ti ògiri. Ó mú báàgì rẹ̀. Ó fẹ̀gbẹ́ ògiri rìn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà kan ibi tí wọ́n gbá. Ó ṣí ilẹ̀kùn àgbàlá, ó sì lọ, kò kí ẹnikẹ́ni, kí ìkíni òmíràn má baà wà lójú ọ̀nà.