Alágbàǹjo Tí Kì Í Nájà

Ọ̀mùtí ni irú ìwé pélébé yìí sábà máa ń bá wí, tàbí ẹni tó fi oògùn dira. Kí ọ̀mùtí sinmi díẹ̀ lónìí. Ẹni rere ni mo ń wá. Ìwọ tí o ń lọ sílé Ọlọ́run déédéé, tí o ń ran aláìní lọ́wọ́, tí gbogbo àdúgbò sì ń yìn ọ́, jọ̀wọ́ jókòó, kí n sọ ìtàn Merle Stroud fún ọ.

Ìlú kékeré kan láàrin àwọn òkè Missouri ni Merle ń gbé. Mo ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo mọ ohùn rẹ̀ láti òkèèrè kí n tó rí ojú rẹ̀. Òun ló ń lu màlúù ní gbàǹjo ní gbogbo ọjọ́ Tọ́sìdeè. Á gun orí pèpéle, á di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, á máa pe iye lórí iye láìmí, àwọn àgbẹ̀ á sì máa na ọwọ́ sókè. Màlúù tó bá rí ẹni rà á á gba ẹnu ọ̀nà ọ̀tún jáde. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò dá iye lé á gba ẹnu ọ̀nà òsì padà síbi tó ti wá.

Díákónì ni Merle nínú ìjọ wa. Kì í mutí, kì í ṣe àgbèrè, kì í pẹ́ dé ìsìn. Ohun tó sì fi ń yangàn jù lọ ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ òrukàn. Tí ìgbà ooru bá dé, àwọn ìdílé kan nínú ìjọ máa ń gba ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ sílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, láti àwọn ilé ọmọ aláìníyàá nílẹ̀ òkèèrè. Àlejò lásán ni wọ́n pè é. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ tilẹ̀ ṣe é lófin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀ pé a lè gbà á ṣọmọ, kí ọkàn rẹ̀ má baà gbára lé e lásán. Ṣùgbọ́n ta là ń tàn? Àwọn ọmọ náà mọ̀. Wọ́n mọ̀ pé àwọn ọmọ ọwọ́ ti rílé, àwọn ló kù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí.

Merle ní tirẹ̀ máa ń gba ọmọ kan sílé, á sì wá ẹbí tó máa gbà á ṣọmọ kó tó padà. Ó ti ṣe é yọrí fún mẹ́ta, kò sì sí ibi tí kì í ti sọ ọ́. "Ẹ fún mi lọ́mọ," á ní, "màá fún un ní bàbá." Àwa ìjọ á pàtẹ́wọ́. Irú ìpàtẹ́wọ́ yẹn ti sin ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí ọ̀run àpáàdì.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọmọbìnrin kan láti Látífíà nílẹ̀ Yúróòpù, Sanita, ló wá sílé wọn. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó ga, kì í fi ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ pa mọ́. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ tọ́ tíì tútù ilé Merle wò, ó yọ ojú.

"Mista Merle, ṣé tíì rèé àbí oyin?"

Noreen, ìyàwó Merle, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́. Wọ́n jọ ń ká tòmátì, wọ́n jọ ń bó ẹ̀wà níwájú ilé, Noreen sì ń wá irú búrẹ́dì dúdú tí ọmọ náà fẹ́ràn kiri títí dé ìlú tó wà lẹ́yìn òkè. Kò pẹ́ tó fi bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́.

"Merle, àwa ńkọ́?"

"Àwa kẹ̀? Àwọn ọmọ tiwa ti dàgbà, wọ́n ti lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ ìpẹja ni o, Noreen. Jẹ́ kí n gbádùn ara mi díẹ̀. Màá bá a wá ẹni."

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan, wọ́n mú Sanita lọ wo gbàǹjo. Ó wo gbogbo rẹ̀ dáadáa, ẹnu ọ̀nà ọ̀tún àti ti òsì. Nígbà tí ọjà tán, ó béèrè pé, "Èyí tó gba ibí yìí padà, kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan," ni Merle dáhùn. "Ó ti dàgbà jù ni. Kékeré làwọn èèyàn ń wá."

Kò tilẹ̀ mọ ohun tó sọ. Noreen ló mọ̀, ó sì fi ìgúnpá gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìjọ jọ jẹun lábẹ́ igi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Adìyẹ díndín wà níbẹ̀, àgbàdo sísè wà, ọmọdé ń sáré kiri. Merle gun orí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó koríko, ó sì fa Sanita gòkè. Bó ṣe di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú báyìí, ẹnu rẹ̀ gba ibi tó ti mọ́ ọn lára lọ.

"Ẹ̀yin ará, ẹ wo ọmọbìnrin àtàtà! Ó mọ oúnjẹ sè, ó mọ aṣọ rán! Eyín rẹ̀ ńkọ́? Dókítà eyín wa ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni! Sanita, rẹ́rìn-ín kí wọ́n rí i. Kì í yọni lẹ́nu, kì í jẹun púpọ̀! Ọwọ́ ta ni màá kọ́kọ́ rí? Mo ń wo ọwọ́ o! Hendricks, yàrá mélòó ló ṣófo nílé ẹ?"

"Ìyàwó mi ni kó o bi!" ni ọkùnrin náà pariwo látìsàlẹ̀. "Èmi gan-an, àlejò ni mí níbẹ̀!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀, bí mo bá sì rántí ẹ̀rín yẹn títí di òní, inú á tún bí mi bíi pé àná ni. Ìjọ Ọlọ́run ni wọ́n o. Wọ́n ń fi itan adìyẹ nu ọbẹ̀, wọ́n ń wo ọmọ ọlọ́mọ, kò sì sí ẹni tó na ọwọ́.

Sanita gba ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀. Merle sáré tẹ̀ lé e.

"Dúró, jọ̀ọ́. Ẹnì kan máa wá. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ ni."

"Kò sẹ́ni tó na ọwọ́," ni ọmọ náà wí. "Ẹnu ọ̀nà òsì lèmi máa gbà."

"Ta ló pè ẹ́ ní màlúù?"

Sanita wò ó lójú kòrókòró. "Ẹ̀yin ńkọ́, Mista Merle? Kí ló dé tí ẹ̀yin ò na ọwọ́?"

Merle rẹ́rìn-ín. Ó ní èsì tó máa ń fún gbogbo èèyàn lọ́jà. "Alágbàǹjo kì í nájà. Òfin iṣẹ́ wa ni."

Nígbà tí àkókò tó, wọ́n sin Sanita lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ó dì mọ́ Noreen, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ó bọ Merle lọ́wọ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ń bọ òṣìṣẹ́ báńkì lọ́wọ́. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ọmọ náà máa pé ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà ìkórè, bó bá sì ti pé e, òfin kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Amẹ́ríkà gbà á ṣọmọ mọ́. Noreen ti gba ìwé tí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀ ètò ìgbàṣọmọ náà wá sílé, ṣùgbọ́n tọkọtaya ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

"Merle, fọwọ́ sí i."

"Jẹ́ kí n parí ọjà ìkórè ná."

Noreen sọ ọ́ nídìí oúnjẹ àárọ̀, ó sọ ọ́ nínú ọkọ̀, ó sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Èsì kan náà ni. Ọkùnrin yìí ń pe àwọn ẹlòmíràn lórí fóònù kiri pé kí wọ́n ṣàánú ọmọ yìí fún Ọlọ́run, ìwé tirẹ̀ sì wà lórí tábìlì, kò ju kó fọwọ́ kàn án lọ! Nígbà tó yá, Noreen dákẹ́. Merle rò pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Glenn Pogue ni ọ̀rẹ́ Merle tí wọ́n jọ ń ṣe gbàǹjo. Glenn ló máa ń dúró ní ìsàlẹ̀, tí á máa wo àwọn tó bá na ọwọ́, tí á sì ké sí Merle. Ọ̀mùtí paraku ni tẹ́lẹ̀ kí Jésù tó gbé e dìde. Lọ́jọ́ kan, wọ́n jọ ń jẹun, Merle bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn.

"Noreen ò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Ọmọ mẹ́ta ni mo ti wá bàbá fún, Glenn! Kí ni Ọlọ́run tún ń wá lọ́wọ́ mi?"

"Ìwọ fúnra ẹ."

"Kí lò ń wí?"

"Ọwọ́ ni mo máa ń wò, iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo ti ń wo tìẹ láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí ẹ. Ò ń pe gbogbo ayé wá sọ́dọ̀ Jésù, orí pèpéle lo sì ti ń pè wọ́n. Ìwọ alára, ọjọ́ wo lo wá?"

"Díákónì ni mí o!"

"Mo mọ̀. Èmi náà dìbò fún ẹ," ni Glenn wí. "Wò ó, ó rọrùn fún èmi láti mọ̀ pé mo ti ṣègbé, inú gọ́tà ni mo sùn sí. Ìwọ ni àánú ẹ ń ṣe mí. Inú rere ẹ lo fi ń sá fún Ọlọ́run."

Merle fi ọwọ́ lu tábìlì, ó dìde, ó fi oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò sì fi òun sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, wọ́n mú abo màlúù kan wọlé tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Merle pe iye, ó dín in kù, ó fi ṣàwàdà, ó bẹ̀ wọ́n. Ọwọ́ kankan kò gòkè. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn òsì. Merle wo ẹranko náà bó ṣe ń lọ, ó wo Glenn, ohùn rẹ̀ sì gé. Àwọn èèyàn rò pé àìsàn ọkàn ni. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba ilẹ̀kùn òsì yẹn jáde, ó sì kúnlẹ̀ sínú ìgbẹ́ màlúù lẹ́yìn ilé ọjà.

"Olúwa," ó ń sunkún, "èmi ni ẹni tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rà. Rere mi ni mo ń pàtẹ níwájú rẹ, tí mo fi ara mi pa mọ́. O ti fi ẹ̀jẹ̀ Ọmọ rẹ rà mí, mi ò sì wá rí. Mo ti dé báyìí. Ṣàánú mi."

Ọlọ́run gbà á níbẹ̀. Glenn bá a níbi tó kúnlẹ̀ sí, ó sọ fún mi pé òun kò rí irú ojú yẹn lára Merle rí.

Merle wa ọkọ̀ lọ sílé bíi pé wọ́n ń lé e bọ̀. "Noreen! Ìwé yẹn dà? Gbé kálámù wá!"

Noreen ń fọ abọ́. Kò yíjú padà.

"Kéèkì tó o jẹ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Merle, ọjọ́ ìbí ta lo rò pé mo ṣe é fún?"

Merle ti jẹ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó tilẹ̀ sọ pé ó dùn.

Ó fọwọ́ sí ìwé náà lọ́jọ́ yẹn, bó tilẹ̀ mọ̀ pé Sanita ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó wá agbẹjọ́rò, ó kọ̀wé sí ìjọba, ó pe ẹni tó yẹ àti ẹni tí kò yẹ. Gbogbo wọn ló bá a kẹ́dùn, gbogbo wọn ló sọ pé rárá. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Wákàtí kan náà ni Ọlọ́run dárí jì í, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dá ọjọ́ Mọ́ńdè padà fún un.

Wọ́n pe Sanita lórí fóònù tí èèyàn fi ń ríra. Merle sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ẹ̀bi kankan pa mọ́. Ọmọ náà bi í pé:

"Ẹ fọwọ́ sí i?"

"Mo fọwọ́ sí i."

Merle na ọwọ́ sókè níwájú fóònù náà, bí àwọn àgbẹ̀ ti máa ń ṣe lọ́jà, ó sì fi í síbẹ̀.

"Mo rí i," ni Sanita wí. Lẹ́yìn náà, ó ní kó gbé fóònù fún Noreen.

Ọ̀rẹ́ mi tí ò ń ka ìwé yìí, rere rẹ kò burú. Ṣùgbọ́n orí pèpéle lo wà. O ti tọ́ka Jésù fún àwọn ẹlòmíràn, o ti gbàdúrà fún wọn, o ti dá owó sí i, ìwọ gan-an kò tíì wá. Má sọ fún mi pé o ti dàgbà jù. Baba tí mò ń sọ kì í ṣa ọmọ, Jésù kò sì dúró sókè kó máa wá ẹlòmíràn tó máa rà ọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì san án tán lórí igi.

Ilẹ̀kùn náà ṣí sílẹ̀ bí o ṣe ń kàwé yìí. Ọjọ́ tí yóò tì, èmi kò mọ̀ ọ́n. Merle náà kò mọ̀ pé Mọ́ńdè ni. Má ṣe sọ fún Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí o parí ọjà ná. Níbi tí o jókòó sí yẹn, lónìí, na ọwọ́ rẹ sókè sí i. Ó ń wò ọ́.