Igi Kékeré Kan fún Orúkọ Grasiana

Bí àlejò bá yà sílé Benat Arrieta lórí òkè Nevada, kò ní tíì jókòó dáadáa tí bàbá náà yóò fi mú un lọ wo koríko. Kì í ṣe màlúù o. Koríko ni. "Ẹ wo bó ṣe gùn dé orúnkún," ni yóò wí, yóò sì dákẹ́ kí àlejò lè ráyè yìn ín.

Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ra irúgbìn koríko òkè òkun yìí, tó fọ́n ọn sábẹ́ àwọn igi asipẹ́ẹ̀nì ẹ̀yìn ilé rẹ̀, igi funfun tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí máa ń mú ewé rẹ̀ gbọ̀n. Àárín igbó náà ló ń gbé òkúta iyọ̀ àwọn màlúù sí, kí wọ́n lè máa lá a lábẹ́ ibòji.

Grasiana ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ká ní koríko ni mí, ǹ bá ti gbọ́ oríkì mi."

Grasiana kú nígbà òtútù tó kọjá.

Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, Benat pọ́n ọ̀bẹ kékeré, ó wọ igbó lọ. Piarres bàbá rẹ̀, tó wá láti ilẹ̀ àwọn Basque lókè òkun wá da àgùntàn, ti fín orúkọ ara rẹ̀ sára igi kan níbẹ̀. Igi tí kò tíì nípọn ju itan ọmọdé lọ ni àwọn darandaran máa ń fín orúkọ sí, ní ìlà tín-ín-rín. Igi fúnra rẹ̀ ni yóò máa dàgbà, tí yóò sì máa sọ orúkọ náà di ńlá. Ọjọ́ ìgbéyàwó ni Grasiana ti sọ pé ẹ̀gbẹ́ Piarres ni kí wọ́n kọ orúkọ òun sí.

Benat wá igi kékeré títí oòrùn fi kan àtàrí. Kò rí ẹyọ kan. Arúgbó ni gbogbo wọn, egbò dúdú lára wọn. Igi Piarres pàápàá ti wó, ó da ojú orúkọ dé sínú koríko.

Orí igi tó wó yẹn ni Lurdes bá a, àbúrò Grasiana, tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ tó ń mójú tó pápá ìjẹko.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ ò tíì jẹun."

"Lurdes, ta ló ń gé igi kéékèèké mi?"

"Ẹ má wá olè jìnnà." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ ya koríko sí méjì. Èéhù kan wà níbẹ̀ bí ìka, wọ́n ti jẹ orí rẹ̀. "Olè yín ní ìwo méjì. Ẹ̀yin náà lẹ gbé iyọ̀ síwájú ẹ̀ pé kó jókòó."

"Koríko ni màlúù ń jẹ."

"Títí dìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí koríko yín bá ti gbẹ bí ìgbálẹ̀, kí ló kù tó tutù lẹ́nu? Ìdí gbòǹgbò ni igi yìí ti ń bímọ. Ọdọọdún ló ń bí, ọdọọdún lẹ fi ń bọ́ màlúù. Koríko yẹn sì ti bo ilẹ̀ pa. Òdòdó tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń já níbí dà?"

Benat wo ilẹ̀. "Kò sọ fún mi pé wọ́n ti tán."

"Ó sọ. Ẹ̀ ń fi koríko han àlejò lọ́jọ́ náà ni."

Benat fọwọ́ kan èéhù náà.

"Tí mo bá ṣọgbà yí eléyìí ká lónìí, ìgbà wo ló máa tó gba orúkọ?"

"Bí ogún ọdún, tí àrùn ò bá kọlù ú."

"Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n."

Benat ki ọ̀bẹ bàpò. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gbé iyọ̀ lọ sórí àpáta tó jìnnà, ó padà wá fi wáyà yí èéhù méje ká.

Báyìí, ìdí wáyà yẹn ló ń mú àlejò lọ. "Ẹ wò ó," a wí, a sì dákẹ́. Àlejò á wò títí, kò ní rí ohun tí yóò yìn, á wá yin wáyà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń da ẹran lábẹ́ igi wọ̀nyí, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ rẹ̀ ní í rọ́pò rẹ̀. Asipẹ́ẹ̀nì náà kò yàtọ̀. Ẹ gbé iyọ̀ jìnnà sí igbó. Ẹ kó màlúù kúrò kí koríko tó gbẹ, kí ẹ sì ṣọgbà yí èéhù ká títí orí rẹ̀ yóò fi ga kọjá ẹnu ẹran. Ẹ má fọ́n irúgbìn àjèjì sábẹ́ igi láìbi àwọn tó mọ ilẹ̀ léèrè. Ẹ sì máa wo ìdí koríko lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹni tí ẹ fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ ṣì wà láàyè.