Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ Abẹ́ Máńgòrò

Àpọ́nlé ló kó bá Bọ́láwùmí. Ká ní ó ya aláfojúdi díẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ yìí ì bá má ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ ní Ìrèsì ti kọ́ ọ dáadáa, wọn kò sì mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀.

Nígbà tí Fúnminíyì gbé e níyàwó wá sí Ìlá, ó ṣe bí obìnrin ilé ti ń ṣe. Kò pe ẹnikẹ́ni tí wọ́n ti bí sínú ilé kí òun tó dé ní orúkọ àbísọ. Ọkọ ni gbogbo wọn, àti ẹni tó ń wọ ṣòkòtò àti ẹni tó ń wọ yẹ̀rì. Ó wá orúkọ tirẹ̀ fún kálukú. Zipporah, àbúrò ọkọ rẹ̀, di Ìbàdí-ìlẹ̀kẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbàdí ọ̀hún kò tíì dé. Bàbá Afọlábí, olórí ilé, di Bàbá Tó Gbọ́n, bàbá náà sì gbà á láìjiyàn rárá.

Ẹnìkan tún wà lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé.

Láràárọ̀, bí Bọ́láwùmí bá ti gbálẹ̀ dé ibẹ̀, yóò bá a ní ìdúró. Ọkùnrin gíga ni, ó jọ Fúnminíyì níwájú orí àti ní etí, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tó dàgbà jù ú lọ díẹ̀. Aṣọ funfun kan náà ló máa ń wọ̀, aṣọ náà kì í sì í rún. Bí ó bá yẹ̀ fún ìgbálẹ̀, ewé gbígbẹ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún. Bọ́láwùmí ṣàkíyèsí èyí. Ó kàn rò pé ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n rìn ni.

Ìyàwó tuntun kì í béèrè nílé ọkọ pé ta nìyí. Ẹbí pọ̀, ilé gbòòrò, ojú tó bá sì ti jọ ojú ọkọ ẹni kò tún nílò ìwé ẹ̀rí. Bọ́láwùmí kúnlẹ̀ tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi. Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ ni n ó máa pè yín o."

Ọkùnrin náà wò ó pẹ́. Ó dà bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ tí kò dá a lójú pé tòun ni. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń sún mọ́lé. Nígbà tí oyún Bọ́láwùmí fi máa hàn, Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ ti kúrò lábẹ́ máńgòrò, ẹ̀gbẹ́ kànga ló ń dúró sí. Nígbà tí oyún náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta á nípàá, ó ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ibi tó bá dúró sí máa ń tutù, bí ilẹ̀ abẹ́ ìkòkò omi, òórùn iyẹ̀pẹ̀ àárọ̀ sì máa ń wà níbẹ̀ kódà lọ́sàn-án gangan.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan lẹ́yìn ìsìn, Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, ń bó ẹ̀gúsí nílé ìdáná. Zipporah ń wá ẹni tí yóò fi ṣeré.

"Ìyàwó wa, orúkọ mélòó lẹ ti pín nílé yìí ná? Ẹ kà á ká gbọ́. Tí ti ẹlòmíràn bá dùn ju tèmi lọ, ẹ ó pààrọ̀ tèmi."

"Ẹ̀yin rèé, Ìbàdí-ìlẹ̀kẹ̀. Bàbá Tó Gbọ́n. Bọ̀dá Jẹ́jẹ́..."

"Ta ní ń jẹ́ Bọ̀dá Jẹ́jẹ́?"

"Bọ̀dá tó máa ń dúró lẹ́yìnkùlé. Èyí tó ga, tó jọ ọkọ mi. Ẹnu ọ̀nà ibí yìí ló ti wá ń dúró sí báyìí."

"Bọ̀dá wo? Àbí ẹ ti ń fẹ́ ẹlòmíràn mọ́ bọ̀dá mi ni?"

Ọwọ́ Màmá dúró lórí ẹ̀gúsí. Ó ní kí Zipporah lọ ra iyọ̀ wá. Iyọ̀ kún inú agolo níwájú wọn. Zipporah wo iyọ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó lọ ra iyọ̀.

"Ó ga?" Màmá béèrè, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ọmọ tó sùn sọ̀rọ̀.

"Ó ga, mà."

"Bàbá rẹ̀ ga."

Ó tún mú ẹ̀gúsí kan, kò bó o.

"Òun ni mo kọ́kọ́ bí, ṣáájú Fúnminíyì. Ó ku ọ̀la ká sọ ọ́ lórúkọ ló kú. Bàbá rẹ̀ ti ní orúkọ nínú, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ fún mi, nítorí a kì í pe orúkọ ọmọ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Nígbà tí òun náà kú, ó gbé orúkọ ọ̀hún lọ sí sàárè. Abẹ́ máńgòrò yẹn ni wọ́n sin ọmọ náà sí. Ẹkún gan-an, mi ò rí orúkọ fi sun ún." Ó dá ẹ̀gúsí náà padà sínú igbá. "Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń dàgbà."

"Ṣé mo ṣẹ̀ ni, Màmá?"

"O ò ṣẹ̀. Ilé yìí la bí i sí, ó sì ti wà kí o tó dé. Ọkọ rẹ ni lóòótọ́."

"Ẹ jẹ́ ká kúkú fún un lórúkọ, mà, bóyá á lọ sinmi."

"Ká fún un, kó wá jókòó tì wá? Rárá. Má kí i mọ́. Orúkọ ló ń wá kiri. Tí o bá bímọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe orúkọ kankan fún un títí di ọjọ́ kẹjọ. Tí a bá ti sọ ọmọ náà lórúkọ, ẹni abẹ́ máńgòrò á rí i pé kò sí àyè, á padà. Ṣùgbọ́n tí ọjọ́ yẹn bá lọ tí ọmọ ò ní orúkọ..." Màmá wo ìhà máńgòrò.

Bọ́láwùmí kò kí i mọ́. Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ kò bú u, kò halẹ̀ mọ́ ọn. Ó kàn kúrò ní ilé ìdáná, ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn bí ẹni tó ń retí kí wọ́n dá òun lóhùn. Bọ́láwùmí sọ fún Fúnminíyì. Fúnminíyì sọ pé oyún ló ń fa irú rẹ̀, ó ra òògùn ẹ̀jẹ̀ fún un.

Ọkùnrin ni ọmọ náà, ohùn rẹ̀ sì lè tú ìpàdé ká. Tuntun lásán, tí kì í ṣe orúkọ, ni gbogbo ilé ń pè é. Bí ó bá ti ń ké, Màmá á máa dúpẹ́.

Ní àárọ̀ ìsọmọlórúkọ, palọ̀ kún. Pásítọ̀ gbàdúrà, Bàbá Afọlábí gbé ọmọ tó ń ké, ó fi omi kàn án lórí.

"Bólúwadúró ni orúkọ rẹ."

"Sà," ohùn ọkùnrin kan dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ohùn náà há, bí ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àlejò kan ló ń jẹ́ orúkọ náà, pé wọ́n sì kọ́ ọ nílé. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó tètè sún síwájú.

"Olúwafẹ́rànmí ni mo pè é."

"Mà."

Igbe ọmọ náà lọ sílẹ̀. Zipporah, ẹni tí wọn kò sọ nǹkan fún, pe tirẹ̀: "Ajíbọ́lá."

"Ẹ̀n, àbúrò mi."

Ẹ̀rín tán nínú palọ̀. Pásítọ̀ ní kí gbogbo ìjọ dìde fún àdúrà, òun fúnra rẹ̀ sì gba ẹnu ọ̀nà iwájú lọ láti lọ gba tirẹ̀ níta. Igbe ọmọ ti di ìmí, ìmí náà sì ń jìnnà síra. Bọ́láwùmí gba ọmọ rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tutù bí ilẹ̀ abẹ́ ìkòkò omi.

"Wá orúkọ tí kò ní fẹ́," Màmá sọ sí i létí. "Tètè."

Bọ́láwùmí gbójú sókè. Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, aṣọ funfun rẹ̀ ti rún bí ti ẹni tó jí láti ojú oorun, ó sì ń retí orúkọ mìíràn bí ọmọ tí kò tíì yó. Kí ni ẹni tó ní Bólúwadúró tún fẹ́ fi orúkọ ẹ̀yìnkùlé ṣe? Bọ́láwùmí tẹ ẹnu mọ́ ọmọ náà létí.

"Jẹ́jẹ́," ó ní. "Jẹ́jẹ́ ni ọmọ mi."

Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ẹnu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣófo. Ẹsẹ̀ ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, ó la ojú, ó wo ìyá rẹ̀. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì ń dúpẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ní ọjọ́ kejì, Bọ́láwùmí mú ìgbálẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ máńgòrò. Kò sí ẹnikẹ́ni nídìí kànga. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó sì tẹ̀ ba, ó ń gbálẹ̀.

Ewé gbígbẹ fọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà sílípáàsì, pá, pá, pá, bí ti ẹni tó wúwo dáadáa.

"Káàárọ̀, ìyàwó wa."

Eékún Bọ́láwùmí kúnlẹ̀ kó tó rí i dá dúró. Kò yíjú padà. Ọkùnrin náà ti ní orúkọ mẹ́ta báyìí, òun kò sì gbọdọ̀ pe ọ̀kankan nínú wọn. Ó mọ ohun tó ń dúró dè: ó fẹ́ kí ìyàwó ilé wá orúkọ tuntun fún òun.

Bọ́láwùmí sọ ìgbálẹ̀ nù, ó sáré wọlé. Yàrá pa rọ́rọ́, ó rò pé ọmọ ṣì ń sùn.

Ọmọ náà ń ké. Ẹnu rẹ̀ là gbàgà, omijé ti ṣàn dé etí rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò sí ohun tó ń dún, bíi ti ewé abẹ́ ẹsẹ̀ Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀.